Wíwo Ẹja Nínú Òkun Pẹ̀lú Snorkel: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Gbéra láti Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ

Iléyá á lọ, Ojúde Ọba á parí, regbéregbé kan á dá owó jọ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ gbafẹ́ létí òkun ní Zanzibar tàbí Íjíbítì. Nínú ètò tí òtẹ́ẹ̀lì bá fi ránṣẹ́, ọjọ́ kan á wà níbẹ̀ fún snorkel: ẹ ó wọ máàsìkì, ẹ ó fi ọ̀pá kékeré kan sẹ́nu, ẹ ó dojú bolẹ̀ lójú omi, ẹ ó sì máa wo ẹja. Iṣẹ́ náà kò le, àmọ́ ilé ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, n'Íjẹ̀bú-Òde, ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú òkun, níbi tí ẹsẹ̀ ò tólẹ̀, ló ti kọ́kọ́ fi máàsìkì sójú, omi iyọ̀ ni yóò mu, ẹja ò ní dúró dè é.

Ìdí tí kò fi ṣeé ṣe nílé

Ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí oríkò rẹ̀ wà ní Abigi, dé etí òkun. Ọ̀sà náà wà ní Ìwọ̀pin. Ẹja wà nínú méjèèjì, àwọn apẹja ibẹ̀ ló ń bọ́ wa. Omi tó mọ́ gaara ni kò sí. Àwọn odò tó ń ṣàn wọ òkun lápá ọ̀dọ̀ wa ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀, ìgbì ń já lu iyanrìn tààrà, ó ń rú u sókè, débi pé ẹni tó na ọwọ́ lábẹ́ omi lè má rí ìka ara rẹ̀. Kò sí òkìtì iyùn (coral reef, òkìtì líle tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké kọ́ jọ nínú òkun) tí yóò gba agbára ìgbì náà kó tó dé èbúté. Omi tó ń sá padà láàárín ìgbì sì lágbára: kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀, ṣe ló ń gbé e lọ sáàárín òkun títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sà rọ̀ ju òkun lọ, àmọ́ omi rẹ̀ dúdú, ewéko ojú omi pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń sáré kọjá, awakọ̀ ò sì ní rí orí tó yọ díẹ̀ lójú omi. Ẹ má fi odò tó ń rọra ṣàn tàbí adágún ṣe ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ náà. Ibẹ̀ ni ìgbín tó ń gbé àtọ̀sí ajá ń gbé, kòkòrò rẹ̀ kì í sì í gba ẹnu wọlé, awọ ara ló ń lu wọ inú ẹ̀jẹ̀. Púùlù tí wọ́n ń fi kúlórínì sí, tí ẹ lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere, ni kí ẹ lò.

Kọ́kọ́ wo ara rẹ

Òṣùwọ̀n tó dára nìyí: kí ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà láìdúró, ẹ lè rọra ṣe é, kò sẹ́ni tó ń bá yín sáré, kí ẹ sì lè fẹ̀yìn léfòó fún ìṣẹ́jú 10 láìdi nǹkan kan mú. Ẹni tí kò tíì mọ̀wẹ̀ rárá, kó fún ara rẹ̀ ní oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lọ́dọ̀ olùkọ́. Bí àkókò ò bá sí, ó ṣì lè rí ẹja o, àmọ́ nínú jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó, níbi tí omi ò ti kọjá àyà, pẹ̀lú afinimọ̀nà tó di òrùka ìléfòó mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó má tẹ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ fò sílẹ̀ látinú ọkọ̀ nítorí ojútì.

Ẹ rí dókítà bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, ikọ́ fée, wárápá, tàbí bí ìlù etí yín bá ti lu rí. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà gbọ́dọ̀ béèrè, torí òtútù àti àárẹ̀ lè ru ìrora rẹ̀ sókè, omi sì máa ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Omi tó gbóná tó 28°C pàápàá á mú èèyàn gbọ̀n lẹ́yìn wákàtí kan.

Irinṣẹ́, pàápàá máàsìkì

Bí owó yín ò bá tó fún gbogbo irinṣẹ́, ẹ ra máàsìkì tiyín, kí ẹ yá ìyókù lọ́hùn-ún. Ojú kálukú yàtọ̀, máàsìkì tó bá ọ̀rẹ́ yín mu lè máa jò lójú yín.

Máàsìkì kì í ṣe gọ́gùlù tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Gọ́gùlù ń bo ojú nìkan. Máàsìkì ń bo ojú àti imú pa pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fi imú fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ láti lé omi jáde. Gíláàsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ «tempered» sí lára, kí etí rẹ̀ tó kan awọ sì jẹ́ sílíkónì rírọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú nǹkan ìṣeré ọmọdé, tó jẹ́ ike líle, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù nìyí. Ẹ ju okùn rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má fà á kọ́rí. Ẹ gbé máàsìkì lé ojú, ẹ fi imú fa atẹ́gùn díẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú títí ẹ fi tún mí jáde, ó bá yín mu. Bó bá jábọ́, tàbí tí ẹ gbọ́ tí atẹ́gùn ń sú wọlé lápá kan, ẹ gbé òmíràn. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀pá snorkel lẹ́nu, nítorí ẹnu tó là díẹ̀ máa ń yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà. Fífún okùn pọ̀ kì í wo máàsìkì tó ń jò sàn. Ṣe ló ń ká etí sílíkónì jọ, tí yóò fi tún jò sí i, orí á sì máa fọ́ yín.

Irun ló sábà ń fa jíjò lọ́dọ̀ tiwa. Irun kan ṣoṣo tó bá wà lábẹ́ etí sílíkónì ti tó fún omi láti gbà wọlé. Ẹni tó di irun, kó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, kó so ó mọ́lẹ̀ nítòsí ọrùn, kí okùn máàsìkì lè jókòó sókè rẹ̀. Wíìgì àti irun tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ síwájú orí kò bá iyọ̀ òkun ṣe, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ní irunmú, kó fá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kúrò lábẹ́ imú gan-an, ibi tí sílíkónì ń jókòó sí.

Máàsìkì tuntun ní ọ̀rá kan tó wà lára gíláàsì láti ilé iṣẹ́, òun ló ń mú kó rí bàìbàì. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín funfun (kì í ṣe èyí tó mọ́ gaara bí jẹ́ẹ̀lì) fọ inú gíláàsì pẹ̀lú ìka fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ṣan án, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, lójoojúmọ́, itọ́ lásán tàbí ẹ̀kán ṣáńpóò ọmọdé kan tó: ẹ fi pa inú rẹ̀, ẹ rọra rì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọ̀pá snorkel tó dára kì í gùn ju nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àwọn kan máa ń rò pé bó bá gùn sí i, àwọn á lè lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ń tẹ àyà, tẹ́ ẹ bá ti jìn díẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ò ní lágbára láti fa atẹ́gùn wálẹ̀ mọ́, atẹ́gùn tí ẹ mí jáde á sì wà nínú ọ̀pá náà, ẹ ó tún fà á padà. Ẹ wá èyí tó ní fáàfù kékeré nísàlẹ̀ tí omi lè gbà jáde.

Ẹ ó tún rí máàsìkì tó ń bo gbogbo ojú, téèyàn fi lè máa mí nípa imú. Ó rọrùn lójú, ó sì ń tà, àmọ́ a ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ rà á. Ẹ ò lè fún imú pọ̀ nínú rẹ̀ bí etí bá dí, kò yá láti bọ́ bí àyà bá já, àwọn tí wọn ò ṣe dáadáa nínú wọn sì máa ń há atẹ́gùn burúkú mọ́ èèyàn lójú.

Bàtà ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tó rí pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, gbọ́dọ̀ fún ẹsẹ̀ díẹ̀ láìdùn ún. Kúkúrú ni kí ẹ mú. Gígùn jẹ́ ti àwọn tó ń rì sísàlẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ló dára jù fún ẹni tó mọ̀wẹ̀, nítorí ó lè tú u nígbà tó bá fẹ́ rì wálẹ̀.

Fún oòrùn, ẹ̀wù alápá gígùn tí wọ́n ń wọ̀ wọnú omi dára ju ìpara lọ. Awọ dúdú náà ń jó, ẹ bi ẹ̀yìn orúnkún àti ẹ̀yìn ọrùn àwọn tó ti lọ. Bí ẹ bá máa lo ìpara, ẹ yẹra fún èyí tó ní oxybenzone àti octinoxate. Hawaii ti fòfin de títa méjèèjì láti ọdún 2021 nítorí ìpalára wọn fún iyùn inú òkun. Ẹ kó wúrà àti iyùn ọrùn sínú àpótí òtẹ́ẹ̀lì. Ìka máa ń sún kì nínú omi tútù, òrùka á sì bọ́, ohun tó ń dán yanranyanran sì máa ń fa ojú ẹja barracuda.

Ìdánrawò nínú púùlù

Ẹ ṣe é níbi tí ẹ ti lè dìde dúró, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń wò yín. Ẹ má fo ìkankan.

1. Ọ̀pá nìkan, láìsí máàsìkì. Ẹ dúró, ẹ tẹ orí bọ omi, ẹ fi ẹnu mí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí omi ń kan imú yín. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rù, torí ọpọlọ á máa sọ fún imú pé kó mí. Títí tí ìbẹ̀rù náà yóò fi rọlẹ̀, ẹ má kọjá síbòmíràn.

2. Máàsìkì àti ọ̀pá pa pọ̀. Ẹ mí wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ mí jáde pẹ́ ju bí ẹ ṣe mí wọlé lọ. Mímí kúkúrú kúkúrú kò ń lé atẹ́gùn burúkú kúrò nínú ọ̀pá, òun ló sì ń mú kó dà bíi pé atẹ́gùn ò tó.

3. Lílé omi kúrò nínú ọ̀pá. Ẹ rì í sínú omi kó kún, kí ẹ sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára, «Pfúù!», bí ẹni fẹ́ pa fìtílà. Mímí tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ lọ́ra, kí ẹ fi ahọ́n dí ọ̀nà ọ̀fun díẹ̀, nítorí ẹ̀kán omi á ṣì kù. Ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì.

4. Lílé omi kúrò nínú máàsìkì. Ẹ jẹ́ kó kún dé ìdajì. Ẹ fi ìka tẹ òkè rẹ̀ mọ́ iwájú orí, ẹ gbójú sókè díẹ̀, ẹ fi imú mí jáde lọ́ra. Omi á gba ìsàlẹ̀ jáde. Bí ẹ bá tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dípò òkè, omi náà ò ní rọ́nà gbà.

5. Títa ẹsẹ̀. Láti ìbàdí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti orúnkún. Orúnkún tó ń ká bí ẹni wa kẹ̀kẹ́ kì í gbé èèyàn lọ sí ibì kankan. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ omi, kó má máa pariwo lójú omi. Ọwọ́ ò níṣẹ́ kankan: ẹ ká a mọ́ àyà tàbí kí ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

6. Dídúró jẹ́ẹ́. Ẹ dojú bolẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìta ẹsẹ̀ rárá. Ẹni tó bá lè ṣe èyí ni ẹja á sún mọ́.

Ibi tí ẹ máa lọ, àti ọjọ́ tí oṣù wà

Òkun Pupa ní Íjíbítì ni omi tó mọ́ jù nínú àwọn tó rọrùn fún wa láti dé. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti òkun mìíràn lọ, ìyẹn ń jẹ́ kí ara fúyẹ́ sí i, ìyàtọ̀ àárín omi kíkún àti omi fífà níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ras Mohammed, tí wọ́n sọ di ọgbà ìpamọ́ ní 1983, wà níbẹ̀ lẹ́bàá Sharm el-Sheikh. Ní oṣù kìíní àti kejì, omi rẹ̀ á tutù dé nǹkan bí 22°C, ẹ ó nílò aṣọ rọ́bà. Watamu ní Kẹ́ńyà, tó ti jẹ́ ọgbà ìpamọ́ inú òkun láti 1968, dára jù láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Ní Zanzibar, ẹ sá fún oṣù kẹta ìparí dé oṣù karùn-ún, òjò ńlá wà, omi á sì dàrú. Àwọn tó fẹ́ rí whale shark, ẹja tó tóbi jù láyé, erékùṣù Mafia ní Tànsáníà ni wọ́n ń lọ, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejì. Cape Verde ò béèrè físà lọ́wọ́ wa nítorí ECOWAS, àmọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le, a ò ní fi í ṣe ibi àkọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Tí ẹ bá yan Zanzibar, ẹ ka oṣù ojú ọ̀run kí ẹ tó mú ọjọ́. Omi òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 láti ọjọ́ kan sí èkejì. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, kíkún àti fífà náà á le jù. Ìyàtọ̀ àárín wọn ní Zanzibar lè tó mítà 3 sí 4. Ní etí òkun apá ìlà-oòrùn, omi á fà lọ débi pé ilẹ̀ á gbẹ láti èbúté dé òkìtì iyùn, nígbà tó bá sì ń padà bọ̀, ìṣàn rẹ̀ á lágbára. Iléyá máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù àwọn Mùsùlùmí, èyí tí wọ́n ń fi òṣùpá kà, Ojúde Ọba sì jẹ́ ọjọ́ kẹta rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kejìlá. Ẹgbẹ́ tó bá wọ bàálù lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba, àrànmọ́jú gan-an ni wọ́n máa bá lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan sí i ni kí wọ́n fi sùúrù sí: nítòsí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù, omi á ti rọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ omi láti èbúté, ẹ béèrè àkókò tí omi máa kún jù, kí ẹ wọ̀ ọ́ ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú ìgbà náà.

Ìwé ìrìn-àjò: yẹ́lò kaàdì ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 ó kéré tán lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Láti 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Láti oṣù kẹwàá 2024, Zanzibar ń gba owó ìbánigbófò $44 lọ́wọ́ àlejò àgbàlagbà láti ilẹ̀ òkèèrè, lọ́tọ̀ sí èyíkéyìí tí ẹ bá ti rà nílé.

Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ lọ ní kùtùkùtù. Ní Mnemba, ní àríwá ìlà-oòrùn Zanzibar, ọkọ̀ á ti pọ̀ bó bá ti di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, àwọn tó ń fò sílẹ̀ á máa tapá sí ara wọn lórí. Oúnjẹ àárọ̀ kí ó fúyẹ́. Ẹ̀bà ò gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí títí di ọ̀sán. Ẹni tí ọkọ̀ ojú omi máa ń ru lójú, kó lo oògùn rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú.

Ẹ ṣètò ẹni méjì méjì. Ẹ fẹnu kò sí àmì: ọwọ́ tó lé orí túmọ̀ sí pé ara le, ọwọ́ tó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún túmọ̀ sí pé ẹ wá gbà mí. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ gbórí sókè, ẹ wo ẹnìkejì, ẹ wo ọkọ̀.

Bí ẹ bá ń wọlé láti èbúté, ẹ gbé bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ dé ibi tí omi dé ìbàdí, kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lórí iyanrìn, ẹ má gbé e sókè, kí stingray, ẹja pẹrẹsẹ tó ń ta oró, tó sin ara rẹ̀ sábẹ́ iyanrìn lè gbọ́, kó sì sá. Bó bá jẹ́ láti inú ọkọ̀, ẹ dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú. Ẹ jókòó sí etí ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ kan tẹ máàsìkì mọ́ ojú, ẹ rọra yọ́ wọlé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ omi, ẹ má tíì lọ síbì kankan. Ẹ wo iyùn kan nísàlẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú. Bó bá ń sún kúrò lábẹ́ yín, ìṣàn omi wà nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ kojú ìṣàn náà, kí òun fúnra rẹ̀ lè gbé yín padà nígbà tó bá rẹ̀ yín. Àwọn tó bá ṣe òdì kejì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wá ọkọ̀ fún.

Bí ẹ ṣe máa bá àwọn ẹ̀dá inú omi lò

Nínú omi, nǹkan máa ń tóbi ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta, ó sì máa ń sún mọ́ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin ju bó ṣe wà lọ. Ìjàpá òkun tí ẹ rò pé ó wà ní mítà 3, mítà 4 ló wà. Ìyẹn ń fa kí àwọn àlejò máa na ọwọ́ sí nǹkan tí ọwọ́ wọn ò lè tó. Wọn á wá ta ẹsẹ̀ láti fi sún mọ́ ọn, yóò sì sá.

Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí ẹ yan òkìtì iyùn kan, ẹ dúró lójú omi lókè rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dípò kí ẹ máa sáré káàkiri. Ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí nǹkan púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹja kéékèèké tó sá wọ àárín iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ tẹ́tí: ohun tó ń ró kẹkẹ, kẹkẹ, parrotfish ni, tó ń fi eyín rẹ̀ gé iyùn jẹ, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí iyanrìn funfun tó ń tú jáde bí èéfín. Ẹ tún wá ibi tí ẹja ńlá kan ti dúró sójú kan, tó la ẹnu, tí ẹja kékeré aláwọ̀ búlúù sì ń wọ ẹnu náà, tó ń jáde. Ibi ìmọ́tótó wọn ni, ẹja ńlá náà wá kí wọ́n mú kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Ẹ dúró sókè, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sí i, nítorí yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Iyùn gbogbo ló wà láàyè. Ẹ̀yà tó rí bí òkúta ńlá lè dàgbà kìkì nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún. Bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo lè fọ́ ohun tó ti wà kí Ìjẹ̀bú tó gba iná mànàmáná. Omi òkun tó gbóná jù náà ń pa wọ́n: oṣù kẹrin 2024 ni àwọn onímọ̀ kéde pé iyùn ń funfun káàkiri ayé, ìgbà kẹrin irú rẹ̀. Ẹ má dìde dúró lórí wọn, kódà bó rẹ̀ yín, kí ẹ sì má mú èyíkéyìí bọ̀ wálé, torí àdéhùn àgbáyé wà lórí kíkó wọn kọjá ibodè.

Fún ìjàpá òkun: ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má wà lókè rẹ̀. Ó lè sùn lábẹ́ omi fún wákàtí púpọ̀, àmọ́ nígbà tó bá ń rìn, ó ní láti yọrí mí lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ẹ bá sì dí ojú omi mọ́ ọn, ẹ ti gba èémí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí mítà 3 wà láàárín, ẹ jẹ́ kí òun pinnu. Fún dọ́fíìnì ní Kizimkazi, ní Zanzibar, ọkọ̀ pọ̀ tó máa ń lé wọn kiri. Bí awakọ̀ yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó dáwọ́ dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní búrẹ́dì pé kí ẹ fi fa ẹja, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹja tó ti mọ búrẹ́dì ló ń já ìka jẹ.

Titan triggerfish ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ó lè gùn tó 75 sẹ̀ǹtímítà, eyín rẹ̀ sì lágbára. Nígbà tó bá ń ṣọ́ ẹyin, ààlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, ó sì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń gòkè bọ̀ lójú omi. Bó bá ń bọ̀, ẹ má gòkè, ẹ ò ní kúrò nínú ààlà rẹ̀. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ sí i, kó máa já ìyẹn jẹ. Lionfish àti stonefish kì í lé ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n tàbí tẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń ta. Moray, ẹja tó gùn bí ejò, tó ń la ẹnu tó ń pa á dé kò bínú, bó ṣe ń mí nìyẹn, àmọ́ ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò. Ìkarahun rẹwà tó rí ṣóńṣó, tí ẹran rẹ̀ ṣì wà nínú, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Cone snail wà lára wọn, oró rẹ̀ sì lè pa èèyàn.

Bí ẹ bá fẹ́ rì wálẹ̀

Ẹ fún imú pọ̀, ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́ kí etí lè là, ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ó tó máa dùn yín. Bó bá ti ń dùn, ó ti pẹ́ jù, ẹ gòkè díẹ̀. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe ò gbọ́dọ̀ rì rárá. Ẹ má ṣe mí kíkankíkan lọ́pọ̀ ìgbà ṣáájú kí ẹ lè pẹ́ nísàlẹ̀. Kì í ṣe atẹ́gùn ló ń fi kún lára, ṣe ló ń lé atẹ́gùn burúkú tó máa ń sọ fún ara pé «gòkè» lọ. Èèyàn á dákú lábẹ́ omi láìgbọ́ àmì kankan. Mímí méjì tàbí mẹ́ta bó ṣe yẹ ti tó. Ẹnì kan nísàlẹ̀, ẹnì kan lókè tó ń wò ó.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ẹ máa ṣe

Àyà jíjá ló wọ́pọ̀ jù. Omi díẹ̀ wọ ẹnu, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jàkadì, á bọ́ máàsìkì, á sì gbìyànjú láti dìde dúró níbi tí kò sí ilẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹ yí padà, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ yọ ọ̀pá lẹ́nu, ẹ máa mí. Máàsìkì kí ó wà lójú, nítorí ó ń dí imú kí omi má wọ̀ ọ́.

Èémí tó kúrú lójijì láìjẹ́ pé ẹ mu omi, tí ẹsẹ̀ sì ń rọ, yàtọ̀ sí ìyẹn, ó sì burú jù ú lọ. Omi lè máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò le tàbí tí ọ̀pá rẹ̀ ń há èémí. Ẹ bọ́ máàsìkì, ẹ gbórí sókè, ẹ pe ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn kódà bó bá ti ń fúyẹ́.

Bí omi bá ń gbé yín lọ, ẹ má bá a jà tààrà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi jáde kúrò nínú ìṣàn náà, kí ẹ tó kọjú sí èbúté.

Ẹ̀gún stonefish, lionfish tàbí urchin (ẹ̀dá roboto tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀): ẹ rì ibẹ̀ sínú omi gbígbóná, nǹkan bí 45°C, fún ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ẹlòmíràn ni kó fi ọwọ́ tirẹ̀ dán omi náà wò, nítorí ẹni tí wọ́n ta ò ní mọ̀ bó bá ń jó o. Stonefish àti lionfish, ilé ìwòsàn ni ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gún urchin tó ti ṣẹ́ sínú awọ, ẹ má fi abẹ́rẹ́ wa á. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á yọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àyàfi tó bá wà nítòsí oríkèé. Jellyfish (ẹ̀dá tó rọ̀ bí jẹ́ẹ̀lì, tó ní okùn tó ń ta èèyàn): omi òkun ni kí ẹ fi ṣàn án, kì í ṣe omi tútù tí à ń mu, kì í ṣe iyanrìn, kì í sì í ṣe ìtọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ okùn rẹ̀ kúrò, omi gbígbóná náà wúlò. Ibi tí iyùn bá ti há yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà, nítorí ó tètè ń di egbò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá jáde

Ẹ mu omi. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan etí, ẹ tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí èkejì, ẹ má ki igi owú bọ̀ ọ́. Etí tó bá ń dùn nígbà tí ẹ bá fa ewé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ti ń kó àrùn, ọjọ́ omi yín ti parí títí dókítà yóò fi wò ó.

Máàsìkì, ọ̀pá àti bàtà ìlúwẹ̀ẹ́: ẹ rì wọ́n sínú omi tí kò níyọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ tẹ fáàfù rẹ̀ kí iyanrìn lè jáde, ẹ gbẹ wọ́n nínú ibòji. Oòrùn ń mú sílíkónì le, á sì yọ̀ pupa. Nígbà tí ẹ bá ń di ẹrù bọ̀ wálé, máàsìkì kí ó wà nínú àpótí ike tirẹ̀. Bí bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ láti Zanzibar dé Ìkẹjà, etí sílíkónì náà á wọ́, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ojú mọ́.